Orí Mi Ni, Èmi Ni Mo Dákẹ́

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn ni ìbéèrè kan ti ń lọ tó ń bọ̀ lọ́kàn mi. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń fárí ní Ìta-Ẹlẹ́wà, ní Ìkòròdú níbí, ló bi mí. Ọwọ́ wọn kan wà ní ìpàkọ́ mi, abẹ wà ní ọwọ́ kejì, ìbéèrè náà kò sì ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: "Ta lo sọ fún?" N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo délé, tí mo jókòó ti ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ máàkì, n kò rí èsì fún ara mi náà, ìbéèrè ọ̀hún kò sì tíì fi mí sílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ẹni tí mo ti sọ fún pé orí fífá ń dùn mí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fá orí mi kodoro, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní gorímápá, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan nínú ọdún mẹ́ta náà tí n kò jẹ ìrora rẹ̀. Awọ orí mi jẹ́ ẹlẹgẹ́. Ohun tí awọ orí ẹlòmíràn ń gbà láìṣe é ní nǹkan kan, tèmi kì í gbà á. Síbẹ̀, n kò sọ fún ẹnì kankan.

## Ohun tó wà lára ìrọ̀rí

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé ìrọ̀rí mi lọ sí ojú fèrèsé, ó ní, "Bàbá Ayọ̀, ẹ wá wo nǹkan." Ẹ̀jẹ̀ ni. Kò pọ̀. Àmì tóótòòtó ni, bí ìgbà tí ènìyàn fi ṣóńṣó bírò pupa kan aṣọ funfun. Àwọn kan nínú wọn ti gbẹ, àwọ̀ wọn ti dà bíi ti tíì, àwọn mìíràn sì ní nǹkan pupa rúsúrúsú tó yí wọn ká. Ọyún nìyẹn. Mo sọ fún un pé ẹ̀fọn ló jẹ mí. Ó wo ìpàkọ́ mi, ó dákẹ́, ó bọ́ àpò ìrọ̀rí náà, ó sì rì í sínú omi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fárí nígbà tí irun àtàrí mi ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kò gba àlàyé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ràn orí kodoro. Mo fẹ́ràn bí omi ìwẹ̀ ṣe máa ń ṣàn lórí rẹ̀ láàárọ̀, mo sì fẹ́ràn bí fìlà ṣe ń jókòó lé e. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí ẹni tí awọ orí rẹ̀ kò le jáwọ́ nínú orí fífá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bákan náà ni n kò ní fara mọ́ àwọn tó máa ń sọ pé kí ló tún wà nínú orí fífá tí ènìyàn yóò fi máa ronú lé e lórí. Apárí ló ń fojú di abẹ. Ẹni tí abẹ kò rí nǹkan ṣe fún ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni ọ̀sẹ̀ mi ṣe máa ń lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ó fá a. Títí di alẹ́ ọjọ́ náà, yóò máa jó mi bí ẹni pé wọ́n fi ata ra á. Tó bá di ọjọ́ Ajé, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, n kò sì ní lè họ ọ́ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, kókó kéékèèké yóò ti sú láti ẹ̀yìn ọrùn títí dé ìpàkọ́, àwọn kan nínú wọn yóò sì ti gba ọyún sórí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbẹ. Bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, abẹ yóò tún gé orí wọn dànù, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò sí ohun tí n kò fi pa á. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, n kò mọ̀ nígbà náà pé eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú máa ń mú kó le mọ́ awọ tó ti bó. Mo fi álọ́ọ̀mù ra á. Mo ra ìpara kan ní kẹ́míìsì, èyí tó mú kó rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kó tó tún padà dé pẹ̀lú agbára. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ṣe ni kí n la ẹnu. Nígbà tí òwú tó rin gbingbin fún sípíríìtì bá fẹ́ kan ìpàkọ́ mi, n óò di apá àga mú lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò mí, kí ẹni tó ń fá mi má baà rí ọwọ́ mi.

## Ọjọ́ tí wọn kò fá a

Ìgbéyàwó kan wà ní Ìgbógbó lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo dé ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin tó máa ń fá mi, mo bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ó ti lọ sí ìlú rẹ̀. Bí mo ṣe rìn wọ Ìta-Ẹlẹ́wà nìyẹn, tí mo rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí bàbá kan tí gbogbo irungbọ̀n wọn ti funfun jókòó síwájú rẹ̀, tí wọ́n ń fi aṣọ nu dígí.

Àga onígi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tìmùtìmù tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ sì ti tẹ́ pẹẹrẹ. Abọ́ tánganran funfun kan wà lórí tábìlì pẹ̀lú omi tó ń yọ èéfín fẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá náà fọ ọwọ́ wọn. Wọ́n mú bíléèdì tuntun kan, wọ́n tú u jáde nínú bébà rẹ̀ lójú mi, wọ́n sì fi í sẹ́nu abẹ. Mo yọ fìlà. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àtàrí mi bí ẹni tó fẹ́ wúre fún ọmọ, wọ́n sì rọra ń fi ìka sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn. Nígbà tí ọwọ́ náà dé ìpàkọ́, ó dúró. Mo wá gbọ́ tí wọ́n ń kà: "Méjì. Márùn-ún. Mẹ́sàn-án." Wọ́n kà á dé méjìdínlógún.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí, sà."

Wọ́n fi ìka kan tẹ ọ̀kan nínú wọn, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kúrò lórí àga.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́ta, sà."

"Ta lo sọ fún?"

Mo gbọ́ ìró omi tó ń kán láti etí òrùlé. Mo wo dígí, mo rí ojú ara mi, mo rí ojú wọn lókè orí mi, wọ́n dúró, wọ́n ń retí èsì bí àgbà ṣe ń retí èsì lẹ́nu ọmọdé, láìkanjú. Nígbà tí wọ́n rí i pé èsì kò ní jáde, wọ́n yọ bíléèdì náà kúrò lẹ́nu abẹ, wọ́n sì dá a padà sínú bébà rẹ̀.

"N kò ní fá orí yìí lónìí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní òde."

"Dé fìlà lọ." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ kúrò lọ́rùn mi. "A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ṣé o gbọ́ ọ rí?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"Ìwọ olórí jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, o dákẹ́. Kí lo wá fi yàtọ̀ sí ẹni tí kò sí níbẹ̀?"

Wọn kò bínú nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ohùn wọn kò sì lọ sókè. Wọ́n ní kí n lọ fi orí náà han dókítà tó mọ̀ nípa awọ ara, pé bó bá jinná, kí n padà wá, àwọn yóò kọ́ mi ní orí mi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sọ ọ́: "Màá kọ́ ọ ní orí rẹ." Mo na owó sí wọn, wọn kò gbà á. Ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ gbára lé orí tó bá fá, tó sì dá oníbàárà àkọ́kọ́ padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta olójò, n kò lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí n má bọ̀wọ̀ fún un.

## Ẹ̀gún tó ti inú ara wá

Dókítà tó yẹ orí mi wò fi sùúrù ṣàlàyé, n óò sì gbìyànjú láti sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, nítorí mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo ọkùnrin wa tó ń fárí gbọ́ ọ. Irun tiwa kì í hù ní tààrà. Ihò tó ti ń jáde tẹ̀, irun náà sì ń ká bó ṣe ń gùn. Bí abẹ bá gé e mọ́lẹ̀, ó ń fi ẹnu ṣóńṣó sílẹ̀, bí ìgbà tí àdá bá gé oparun. Nígbà tó bá tún ń hù, tó sì ká padà, ẹnu ṣóńṣó yẹn yóò gún awọ, yóò sì wọ inú rẹ̀ lọ. Ara kò mọ̀ pé irun òun ni. Bó ṣe ń bá ẹ̀gún jà ló ṣe ń bá a jà: ibẹ̀ yóò wú, yóò pọ́n, bí kòkòrò bá sì bá a wọlé, yóò gba ọyún. Bí a bá sì fa awọ le nígbà tí a ń fá a, irun tí a gé yóò sún padà sábẹ́ awọ nígbà tí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, abẹ́ ibẹ̀ ni yóò ti máa gún ara láìtilẹ̀ yọjú síta.

Ohun tó fà á nìyí tí réésọ̀ ẹlẹ́nu púpọ̀ fi burú fún irú orí tèmi. Nígbà tí King Camp Gillette, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta réésọ̀ tí a ń pààrọ̀ abẹ rẹ̀ ní ọdún 1903, ẹnu kan ṣoṣo ló ń kan awọ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún 1971 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé ẹlẹ́nu méjì jáde, lónìí ẹlẹ́nu márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà. Ẹnu tó ṣáájú ń fa irun sókè, èyí tó tẹ̀lé e ń gé e kó tó padà, ibi tó sì ti ń gé e wà nísàlẹ̀ ju ojú awọ lọ. Ohun tó ń mú kí orí dán nìyẹn, òun náà ló sì ń mú kó dun àwa kan.

Kókó tó wà ní ìpàkọ́ mi ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣègùn: acne keloidalis nuchae. Àwa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe. Bí a bá ń fá a lọ bẹ́ẹ̀, ó lè di àpá líle tó wú, tí irun kò ní hù lórí rẹ̀ mọ́. Ohunkóhun tó bá ń fi ara ra ìpàkọ́ ń dá kún un, ì báà jẹ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó le tàbí fìlà tó fún. Mo rántí ọ̀kadà tí mo máa ń gùn láti Ágíríìkì lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, mo rántí héémẹ́ẹ̀tì tí ọlọ́kadà máa ń gbé fún mi, tí inú rẹ̀ ti máa ń tutù fún òógùn àwọn tó dé e ṣáájú mi, tí mo sì máa ń gbé e lé orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Ó ní kí n má jẹ́ kí abẹ kan orí mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, kí irun tó ti ká wọnú lè rí àyè gùn kó sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ oògùn fún mi. Nígbà tí mo fi páálí ìpara tí mo rà ní kẹ́míìsì hàn án, ó mi orí: sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀, èyí tó máa ń mú kí awọ fẹ́lẹ́ bí ènìyàn bá ń fi í pa ara fún ìgbà pípẹ́ láìsí ìtọ́sọ́nà. Ó já sí pé awọ tí mo ti fi ọwọ́ ara mi sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mò ń gbé lọ pàdé abẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ dìde, òun náà béèrè bóyá mo ti bá ẹni tó ń fá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo ní rárá. Kò sọ nǹkan kan sí i, ó kàn ń kọ ìwé rẹ̀ lọ.

## Àwọn orí tó ti dákẹ́ ṣáájú tèmi

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí irun mi ń hù padà ni mo wá ń ro bí àwa Yorùbá ṣe ń fárí. Mo ro ti ọmọ tuntun tí wọ́n ń fá irun rẹ̀ ní ọjọ́ keje ní ilé àwọn Mùsùlùmí, tí kò ní ohùn mìíràn ju ẹkún lọ. Mo ro ti ìyàwó òrìṣà, ẹni tuntun tó ń wọ ìsìn òrìṣà, tí wọ́n ń fá orí rẹ̀ kí wọ́n tó dá òṣù, àmì ìyàsọ́tọ̀, sí i. Mo ro ti ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí wọ́n ń fá apá kan orí rẹ̀ tí wọ́n sì ń dá apá kan sí, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i lè mọ̀ pé orí náà ti di ti ọba. Mo ro ti opó tí wọ́n ń fá orí rẹ̀ nígbà ọ̀fọ̀ ní àwọn ìlú kan, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a retí pé kó sọ ibi tó ń dùn ún. Bí abẹ bá ti dé, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìwà tó yẹ olórí.

Àwa tí a jẹ́ ọmọdékùnrin náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń fá wa á jókòó sórí àpótí, wọ́n á há orí wa sáàárín orúnkún wọn, bí a bá yí ọrùn, wọ́n á ní, "Ṣé o kì í ṣe ọkùnrin ni?" Bí a bá ké nígbà tí sípíríìtì kàn wá lára, èsì tí a ń gbọ́ ni pé bó bá ń ta ọ́, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Mo mọ̀ báyìí pé ohun tí títa yẹn ń sọ ni pé ojú awọ ti ṣí, àti pé ohun tí a ń dà sórí rẹ̀ ń gbẹ ìwọ̀nba ọ̀rá tó kù lára rẹ̀. Ìrora ń bá wa sọ̀rọ̀, a sì ti kọ́ ara wa láti máa kí i kú iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú tún wà níbẹ̀. Láti sọ fún oníṣẹ́ ọwọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ń dùn mí dà bí kí n sọ fún un pé kò mọ iṣẹ́. Ẹni tó ń kí mi "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀" kí n tó wọlé, tó ń béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ni n kò lè wò kí n sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ọ̀wọ̀ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, mo sì ń pe ara mi ní ènìyàn jẹ́jẹ́.

Òwe bàbá yẹn ni mo wá ń yí wò. Ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí la sábà máa ń lò ó fún, pé kí a má dá ẹjọ́ ẹni lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ mo gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á mọ orí fífá gan-an. Olórí nìkan ló lè sọ fún abẹ pé ó ti wọlé jù. Ojú afárí kò lè rí ìrora. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè rí, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó dé.

## Wọ́n kọ́ mi ní orí mi

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tí kókó náà ti rọlẹ̀, mo padà sí Ìta-Ẹlẹ́wà. Bàbá náà kò mú abẹ. Wọ́n di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, wọ́n gbé ìka mi lé iwájú orí, wọ́n sì ń wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀. Ibi tí ọwọ́ bá ti ń yọ̀ lọ láìsí ohun tó dí i, ibẹ̀ ni irun dojú kọ. Ibi tó bá ti ń fa ìka mi, ẹ̀yìn irun nìyẹn. Níwájú, irun mi dojú kọ iwájú orí. Ní àtàrí, ó ń yí po bí omi tó ń ṣàn wọ ihò. Ní ẹ̀bátí, ó ń lọ sísàlẹ̀. Ní ìpàkọ́, ó ń lọ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, àmọ́ lápá òsì ó yà bàrá lọ sí ẹ̀bá etí. Apá òsì yẹn gan-an ni kókó mi ti pọ̀ jù, nítorí láti ẹ̀bá etí wá sí àárín ni abẹ ti máa ń gbà á ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ru orí yìí kiri, n kò mọ ọ̀nà tí irun rẹ̀ ń gbà.

Wọ́n ní, "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tẹ̀lé e bó ṣe ń lọ."

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyí. Mo máa ń wẹ̀ kí n tó jókòó, n óò sì fi aṣọ ìnura tí mo rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo orí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí irun tó ti mu omi rọ̀ ju irun gbígbẹ lọ, kì í sì í fa abẹ. Ọṣẹ tí kò ní òórùn dídùn kankan ni a fi ń hó o. Abẹ ẹlẹ́nu kan tuntun ni, èmi ni mo sì ń rà á, torí orí tó lè ṣẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá orí ẹlòmíràn pín abẹ. Kòkòrò Hepatitis B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè lórí irinṣẹ́ fún ọjọ́ méje, kódà lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ti gbẹ. A kì í fa awọ, a kì í tẹ abẹ mọ́ ọn, ẹsẹ̀ kúkúrú kúkúrú ni abẹ ń rìn, a sì ń ṣàn án nínú omi lóòrèkóòrè. Ibi tí abẹ bá ti kọjá, kò tún padà síbẹ̀ láìsí ọṣẹ. Bó bá tán, omi tútù ló kàn. N óò fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láìra á, n óò sì fi òrí díẹ̀ pa á. Sípíríìtì ti tán nínú ọ̀rọ̀ èmi àti orí mi.

Ohun tó le jù fún mi láti gbà ni ti ìpàkọ́. A kì í fi abẹ kàn án mọ́. Kílípà nìkan la fi ń gé e, ó sì ń fi òjìji irun fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, nǹkan bíi mílímítà kan, tí ẹni tó bá dúró lẹ́yìn mi lè rí. Orí mi kò kodoro tán mọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà ni ọwọ́ mi máa ń lọ síbẹ̀, tí ọkàn mi sì máa ń sọ pé iṣẹ́ náà kò parí. Ṣùgbọ́n mo ń fi ẹ̀yìn sùn báyìí. Àpò ìrọ̀rí wa funfun. Héémẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú àpò mi tí mo ń dé sí abẹ́ rẹ̀, mo sì ń fọ̀ ọ́ lálaalẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan máa ń lo ìyẹ̀fun ìfárí, èyí tí wọ́n ń fi omi pò tó ń jẹ irun dànù láìlo abẹ, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó bá a lára mu. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá, kó dúró di ọjọ́ kejì kó tó gbé e sórí, kó má sì gbé e sórí egbò rárá, torí kẹ́míkà tó ń yọ́ irun kò ní ṣàì kan awọ.

## Nígbà tí mo wá sọ ọ́

Ó ku ẹnì kan. Mo lè máa lọ sọ́dọ̀ bàbá Ìta-Ẹlẹ́wà títí ayé, àmọ́ ìbéèrè wọn kò tíì ní èsì, mo sì mọ ẹni tí èsì náà wà fún. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin tó fá mi fún ọdún mẹ́ta, ní ọjọ́ tí mo mọ̀ pé èrò kò ní pọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ti rò pé mo ti kó kúrò ní Ìkòròdú. Mo jókòó, ó gbọn aṣọ ìbora, ó tan kílípà, mo sì sọ fún un kí n tó tún dákẹ́. Mo ní gbogbo ìgbà tó ti ń fá mi ló ń dùn mí, mo ní mo ti lọ rí dókítà, mo sì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó pa kílípà. Ó dúró sẹ́yìn mi fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "tí mo bá ti parí, mo máa ń bi yín pé ṣé ó dára. Ẹ máa ń fi ọwọ́ pa á, ẹ ó ní, 'Ó kù díẹ̀ níbí.' Màá tún gbà á. Ẹ ó ní, 'Ó ṣì kù.' Mo máa ń rí ẹ̀jẹ̀ lára òwú. Mo rò pé bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Òtítọ́ ló sọ, mo sì rí i bó ṣe ń sọ ọ́: ọwọ́ ara mi, tó ń wá ibi tí kò tíì dán, tí ó ń fi ibẹ̀ han abẹ. Fún ọdún mẹ́ta ni mo fi ẹ̀bi yìí sí ọwọ́ ọmọ yìí lọ́kàn mi láìsọ ọ́ síta. N kò tilẹ̀ dákẹ́ bí mo ṣe rò. Mo ń sọ̀rọ̀, kìkì pé dígí ni mò ń gbẹnu sọ fún. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé àwọn oníbàárà òun méjì mìíràn ní irú kókó yẹn ní ìpàkọ́, àgbàlagbà sì ni àwọn méjèèjì, òun kò mọ bí òun ṣe lè la ẹnu sọ fún àgbà pé ẹ lọ tọ́jú orí yín. Mo sọ ohun tí bàbá Ìta-Ẹlẹ́wà ṣe fún un, pé wọ́n dá bíléèdì padà sínú bébà rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

A bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìka hàn án bí irun mi ṣe ń lọ, òun náà fi ìka tirẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó tú bíléèdì tí mo mú wá. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ òsì, lókè etí, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń ta yín níbí?"

Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan mi, lókè aṣọ tó fi bò mí.

"Ó ń ta mí díẹ̀," ni mo wí. "Ọ̀nà ibí yìí ni kó o gbà á."

Ó ṣan abẹ nínú omi, ó sì yí àga mi sí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé.